Ìrù Orúkọ

Mo ń ṣa obì lẹ́yìnkùlé wa ní Ṣàgámù,
gbànja tó dára sápá kan, èyí tí kòkòrò ti lu sápá kejì,
Mosúnmọ́lá jókòó ti apẹ̀rẹ̀, ó ń gé ìdí bírò jẹ.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Dọ́bílíìnì ni wọ́n bí i sí,
ìyá rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì òru níbẹ̀;
ìsinmi ló gbé e wá bá mi,
òun àti iṣẹ́ àṣetiléwá èdè Áíríìṣì.

"Màmá, èdè yìí kì í jẹ́ kí orúkọ jókòó jẹ́ẹ́."
Ó ní ọmọ ilẹ̀ wọn kan ṣoṣo, Éireannach.
Bí wọ́n bá pọ̀, ìrù rẹ̀ á ká: Éireannaigh.
Bí o bá nawọ́ sí ọ̀kan, t á gun orí rẹ̀: an tÉireannach.
Bí o bá nawọ́ sí gbogbo wọn, h ni: na hÉireannaigh.
Bí nǹkan bá jẹ́ tiwọn, n á wọlé,
ìrù á sì padà bó ṣe wà: na nÉireannach.
"Ẹni kan náà ni o. Fìlà ló ń pààrọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí gbànja kan fi yí bọ́ lọ́wọ́ mi.
Tiwa ńkọ́? Ará Rẹ́mọ, àwọn ará Rẹ́mọ,
ilé ará Rẹ́mọ, gbèsè ará Rẹ́mọ:
Rẹ́mọ ò mira.
Ohùn nìkan là ń gbé sókè gbé sílẹ̀;
ṣì í pè díẹ̀, ará di ara,
tún un ṣì, àrá sán.

"Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́?"
Sasanach. Ṣùgbọ́n bí fìlà bá jẹ́ tirẹ̀,
hata an tSasanaigh,
t á wá jókòó lé s lẹ́nu, s ò ní lè fọhùn.
Bàbá mi ì bá gbọ́ ìyẹn kó tó lọ,
òun tí ajẹ́lẹ̀ gbowó orí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kan.

"Ará Faransé?"
Francach. Ó fọwọ́ bo ẹnu.
Bí o bá fi f kékeré kọ ọ́, eku ni.
Eku ńlá, irú èyí tó ń wọ àká.

"Obìnrin?" Ó wo ìwé. Ó ní akọ ni ọ̀rọ̀ náà,
bí ẹni náà tilẹ̀ ń fọ́mọ lọ́mú.

Ibẹ̀ ni Sábó ti sọ sí mi lọ́kàn.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta obì fún Àlájì Dánládì.
Bayarabe ló ń pe ọkọ mi. Èmi, Bayarabiya.
Bí a bá pé jọ, Yarabawa, owó obì gbówó lérí.
Lórí, nídìí, ọ̀rọ̀ náà ń yí,
mo sì ń jẹ́ gbogbo rẹ̀, nítorí èrè.
Ọjọ́ tí ọkọ mi kú, ó dúró lẹ́nu géètì yìí,
kò pe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Ó ní, "Ìyá Débọ̀lá."
Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mosúnmọ́lá ò wòkè.
Olùkọ́ ní kí kálukú kọ ohun tó jẹ́.
Òun fẹ́ kọ Éireannach,
ọmọkùnrin kan ní rárá o, Nigéarach.
N kì í gba fìlà, ó ní,
orí òfìfo ló fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, mú Ṣàgámù, fi ìrù wọn sí i.
Sagámach! Inú rẹ̀ dùn. Ilé rẹ ńkọ́?
Teach an tSagámaigh.
T ti tún bo s lẹ́nu.
Mo ní yọ ọ́ kúrò, yọ ọ́, a ò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni.

Ó pa á rẹ́, ó tún kọ.
Mi ò mọ èyí tó kọ gbẹ̀yìn, ojú mi ti rẹ̀,
ọkọ̀ àwọn oníbàárà á sì dé ní agogo mẹ́rin.
Àmì kékeré kan ṣoṣo ni mo rí lábẹ́ s,
bí ihò tí kòkòrò obì ń gbà wọlé.